Fílítà Ọkọ̀ Nojeem àti Aṣọ Asẹ́ Ògì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá gba ẹ̀yìn Ọjà'ba wọ Bẹyẹrúnkà láàárọ̀, kí oòrùn tó yọ dáadáa, orin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí ẹni tó ń kọ ọ́. Àṣàkẹ́ ológì ni. Yóò ti na aṣọ asẹ́ funfun sẹ́nu ìkòkò, yóò máa bu ọkà lílọ̀ sí i, yóò máa da omi lé e, ọwọ́ rẹ̀ á máa yí po. Orin rẹ̀ nìyí:

Ta ló ń bọ̀ lókè Màpó?

Á wá dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà:

Kí ló gbé lọ́wọ́ bọ̀?

Á tún dákẹ́. Àwọn ọmọdé agboolé wa rò pé ó máa ń gbàgbé orin náà ni. Kò gbàgbé o. Morẹ́nikẹ́ àbúrò rẹ̀ ló máa ń gbe orin yẹn nígbà tí wọ́n jọ ń sẹ́ ògì nínú agboolé yìí, kí ọkọ tó gbé e lọ sí Ṣakí. "Ẹni tí mò ń retí ni," ni Morẹ́nikẹ́ á dáhùn. "Ẹ̀rín ló gbé lọ́wọ́ bọ̀." Láti ìgbà tó ti lọ, Àṣàkẹ́ ò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbè é. Èmi tí a jọ ń gbé, tí mi ò kì í gbọ́ orin kí n dákẹ́, mo gbìyànjú ẹ̀ rí. Ó wò mí, ó ní:

"Ìwọ yìí, pa ẹnu dé. Àyè ẹni kan lò ń jókòó sí yẹn."

Orí fóònù ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ń rí ara wọn, ìyẹn ni pé wọn ò rí ara wọn. Orúnkún Àṣàkẹ́ kò jẹ́ kó lè fún ara rẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ èrò mọ́. Gbogbo ọdún ló máa ń sọ pé òun á lọ. Gbogbo ọdún ni orúnkún ń dá a padà.

Ìgbà tí ọyẹ́ mú gan-an, tí eruku bo orí páànù gbogbo Ìbàdàn, fóònù dún ní ọjọ́ Alámísì kan. Morẹ́nikẹ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Abdulmajeed ọmọ mi ní òun ń bọ̀ wá mú mi lọ sí Kánò, kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mọ́ńdè la máa lọ."

"Kánò kẹ̀? Ìgbà wo lo máa dé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ara ti ń dàgbà. Mi ò mọ̀ bóyá mo tún lè wá sí apá ibí yìí mọ́."

Omi ògì ń kán tó, tó, tó sínú ìkòkò.

"Máa retí mi," ni Àṣàkẹ́ wá sọ. "Kí o tó lọ, ojú mi á rí ojú ẹ."

"Ẹ ṣèlérí?"

"Lágbára Ọlọ́run."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó pe Nojeem ọmọ rẹ̀. Télọ̀ ni Nojeem, Ọ̀rányàn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó sì ní ọkọ̀ kékeré kan tí kò kéré lọ́jọ́ orí.

"Nojeem, Ṣakí là ń lọ láàárọ̀ Sátidé."

Nojeem họ orí. "Màámi, ọkọ̀ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn o. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni kò ti lágbára mọ́. Bí mo bá tẹ iná mọ́ ọn, ńṣe ló ń mí hẹlẹ-hẹlẹ."

Hikmat ìyàwó rẹ̀ ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bí ẹ̀yin náà ṣe ń mí nìyẹn tí ẹ bá gun Òkè Màpó, Bàbá Mutmainnah. Ọkọ̀ fi ojú jọ olówó rẹ̀ ni."

A rẹ́rìn-ín. Nojeem ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó ṣí àpótí dúdú kan níbẹ̀, ó sì fa fílítà afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń mí bíi tèmi tìrẹ. Kí afẹ́fẹ́ tó wọnú rẹ̀, fílítà yìí ni yóò gbà kọjá, òun ló ń mú eruku sílẹ̀. Bébà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ká a ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po bí síkẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé-ìwé, rọ́bà sì yí etí rẹ̀ ká. Ti Nojeem yìí ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ṣé asẹ́ ni?" Àṣàkẹ́ bèèrè.

"Asẹ́ ni, Màámi."

"Asẹ́ tó bá dí, kí là ń ṣe fún un? Fífọ̀ là ń fọ̀ ọ́. Gbé e wá."

Ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Ó bọ̀ ọ́ lómi, ó fún un bí a ti ń fún aṣọ ògì, ó sì sá a sórí òkúta. Nígbà tí oòrùn pa á tán, bébà inú rẹ̀ ti ya, etí rẹ̀ ti ká jọ bí ewé tí iná rà.

Hikmat fi ọwọ́ kàn án. "Ìyá, ẹ ti sè é di ẹ̀kọ."

"Ẹnu ẹ ni wọ́n máa fi mọ ẹ́ lọ́run," ni Àṣàkẹ́ wí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ṣakí ló ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe kírun Jímọ̀ tán, Nojeem lọ wá fílítà mìíràn rà. Ó tì í lójú láti gbé èyí tí ìyá rẹ̀ fọ̀ yẹn dání, kò sì gbé ọkọ̀ lọ. Ó pàdé ẹnì kan tó ń ti ọmọlanke kiri nítòsí Bẹẹrẹ, tó kó oríṣiríṣi ẹ̀yà ọkọ̀ sínú rẹ̀.

"Irú ọkọ̀ wo ni, ẹ̀gbọ́n?" ẹni náà bèèrè.

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu," ni Nojeem wí. "Télọ̀ ni mí. Bí èèyàn bá kọjá lójú mi, mo ti mọ ìwọ̀n rẹ̀."

Ojú ló fi wọ̀n ọ́n, ẹ̀yin èèyàn. Ojú lásán! Ó yan ọ̀kan tí wọn ò kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sí lára, ó sanwó, ó fi í sábẹ́ abíyá. Ìgbà tó délé tó gbé e sínú àpótí, fílítà ò kún àyè rẹ̀. Ìka ọwọ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá.

"Dá a padà," ni Hikmat wí.

"Kí n dá kí ni padà? Bí ṣòkòtò bá kéré, ṣé a máa ń jù ú nù ni? A máa ń fi aṣọ kún un ni."

Ni Àṣàkẹ́ bá dìde, ó mú aṣọ asẹ́ ògì kan tó mọ́ tónítóní wá. Ó ní, "Gba èyí. Aṣọ tí èérí ọkà kò lè gbà kọjá, eruku wo ló máa gba inú rẹ̀?"

Nojeem ká aṣọ náà po, ó fi bo ojú fílítà, ó sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an yí etí rẹ̀ ká. Iṣẹ́ náà dára, mi ò ní parọ́. Kò sí ẹni tí kò yìn ín. Èmi gan-an dá orin:

Fílítà wa ti wọṣọ,
Aṣọ funfun báláú.
Ọkọ̀ wa ti di ìyàwó,
Ṣakí là ń sìn ín lọ.

"Ó ku gèlè," ni Hikmat wí.

Láàárọ̀ Sátidé, Àṣàkẹ́ wọ aṣọ tó fi pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí. Ó di ògì sínú ewé fún àbúrò rẹ̀, torí ó ní ògì Ṣakí ò lè dà bíi ti Bẹyẹrúnkà. Ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nojeem. Wọ́n ní kí n jókòó sẹ́yìn kí n máa kọrin lọ́nà.

Ọkọ̀ ṣí. A jáde ní Bẹyẹrúnkà, a la àárín àwọn ọlọ́jà kọjá ní Ọjà'ba, a kọjú sí Òkè Màpó. Kò tíì gun òkè dé ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Nojeem tẹ iná. Ó wúkọ́ sí i. Èéfín dúdú tú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ̀n rìrì, ó kú.

Ọlọ́kadà kan ń kọjá. Ó kígbe pé, "Màmá, ṣé ẹ̀ ń dáná nínú ọkọ̀ ni?"

Nojeem bẹ́ sílẹ̀, ó fi òkúta há táyà kó má baà yí padà sẹ́yìn. Ó ṣí i, kò ṣí. Ó tún ṣí i. Àṣàkẹ́ kò sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ògì lórí itan, ó ń wo iwájú bí ẹni pé ọkọ̀ ṣì ń lọ.

Fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti dé ibo?"

Àṣàkẹ́ wo gbọ̀ngàn Màpó lókè, ó wo Ọjà'ba nísàlẹ̀.

"A ti ń bọ̀," ló wí.

"Mo ti jókòó síta o. Gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá ni mò ń dìde sí."

"Jókòó, má máa dìde. Ẹsẹ̀ á máa dùn ẹ́."

Ó pa fóònù. Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú rẹ̀. "Nojeem," ló wí, "mi ò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan láyé mi rí bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ lónìí."

Nojeem pe Fọláyẹmí. Ọmọ Tíṣà Oyèdélé ní Ọ̀rányàn ni Fọláyẹmí, ó kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nílé ẹ̀kọ́ gíga, iṣẹ́ náà ló sì ń ṣe. Nojeem ló ń rán aṣọ iṣẹ́ fún un. Kò pẹ́ tó fi gun ọ̀kadà dé. Ó kúnlẹ̀ kí àwa àgbà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú àpótí fílítà. Ó dúró. Ó wò ó.

"Bọ̀dá Nojeem, kí lèyí?"

"Fílítà ni."

"Mo mọ̀ pé fílítà ni. Ta ló dáṣọ fún un?"

Fọláyẹmí fa aṣọ náà. Kò tètè wá, torí ẹ́ńjìnnì ti fà á mọ́ra débi pé apá kan ti di ẹnu páìpù pa, òwú Nojeem sì ti ń já lára rẹ̀. Ó fi ìka nu inú páìpù lẹ́yìn fílítà, ó gbé ìka náà sókè kí a rí i. Eruku pupa wà lórí rẹ̀.

"Ẹ wò ó, Ìyá Nojeem. Ibi tí eruku ò gbọ́dọ̀ dé ló dé yìí."

"Aṣọ ògì mi ò lè jẹ́ kí eruku kọjá," ni Àṣàkẹ́ wí, ohùn rẹ̀ sì le díẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ n bi yín. Bí asẹ́ yín kò bá kún ẹnu ìkòkò, tí ẹ̀gbẹ́ kan ṣí sílẹ̀, ibo ni èérí máa gbà?"

"Ẹ̀gbẹ́ ni."

"Ẹ ṣé. Ibi tí fílítà yìí kò ti kún àyè rẹ̀ ni eruku gbà. Eruku tó bá sì wọnú ẹ́ńjìnnì, ńṣe ló máa ń ha á bí ìgbà tí ẹ fi iyanrìn fọ abọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ ò ní gbọ́, títí ẹ́ńjìnnì fi máa jẹ tán. Bí asẹ́ bá tún nípọn jù ńkọ́?"

"Omi ò ní kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ìṣẹ́po yìí ṣe fún ọkọ̀ yín. Afẹ́fẹ́ ò rí ọ̀nà wọlé. Epo ń wọlé, afẹ́fẹ́ ò tó, ó wá ń tú èéfín dúdú. Ká ní aṣọ yìí já wọnú ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn ńkọ́? Ibẹ̀ lẹ máa wà."

"A fọ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ló fi bàjẹ́," ni Nojeem wí jẹ́jẹ́.

"Ṣé bébà lẹ wá fọ̀?" Fọláyẹmí di ẹnu mú kó má baà rẹ́rìn-ín lójú àgbà. "Fílítà bébà kì í ṣe ohun fífọ̀ o. Bó bá ti dí, pípààrọ̀ ni."

Nojeem ní, "Ṣùgbọ́n èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yìí ṣe, mi ò rí i rà nítòsí. Gbogbo ìyókù, ṣebí ayédèrú ni wọ́n?"

"Rárá o. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyẹn. Ilé iṣẹ́ mìíràn lè ṣe fílítà tó máa wọ ọkọ̀ yín, kó sì dára. Kì í ṣe tìtorí pé orúkọ tó wà lára ọkọ̀ kò sí lára rẹ̀ ló fi máa di ayédèrú. Ohun tí ẹ máa bèèrè ni pé: ṣé irú ọkọ̀ yìí gan-an, ọdún yìí, ẹ́ńjìnnì yìí ni wọ́n ṣe é fún? Ta ló ṣe é? Ṣé ó kún àyè rẹ̀?"

A ti ọkọ̀ padà sísàlẹ̀, àwọn ọlọ́jà bá wa tì í. Fọláyẹmí mú Nojeem àti Àṣàkẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó mọ̀, tó máa ń gba ọjà padà bí kò bá bá a mu. Wọ́n gbé fílítà jíjẹrà àtijọ́ yẹn dání lọ báyìí, ìtìjú ti kúrò níbẹ̀. Ọlọ́jà gbé páálí kan jáde. Kí Fọláyẹmí tó sọ̀rọ̀, Àṣàkẹ́ ti gbà á, ó ti ṣí i, ó gbé fílítà sókè sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bó ṣe máa ń gbé asẹ́ tuntun wò.

"Mi ò fẹ́ èyí," ló wí. "Ibí yìí ti lu. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú ihò wọlé."

Ọlọ́jà wò ó. "Màmá, mẹkáníìkì ni yín?"

"Ológì ni mí."

Wọ́n gbé òmíràn wá. Kò lu níbì kankan, ìṣẹ́po rẹ̀ dọ́gba, rọ́bà etí rẹ̀ rọ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà lára rẹ̀, nọ́ńbà ara páálí sì bá ti ọkọ̀ mu. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Fọláyẹmí ní òun fara mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n dé, Fọláyẹmí fi aṣọ mímọ́ dí ẹnu páìpù, ó nu inú àpótí mọ́, ó yọ aṣọ náà kúrò, ó sì gbé fílítà tuntun sí i. Ó jókòó sáyè rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí pé à ń fipá tì í. Ó de gbogbo kílíìpù àpótí náà, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ọkọ̀ ṣí, ó gun Òkè Màpó lọ bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun.

Àṣàkẹ́ ti gbé ògì rẹ̀. "Ó yá, Ṣakí!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Fọláyẹmí wí. "Eruku ti wọlé díẹ̀. Ẹ jẹ́ n yẹ ẹ́ńjìnnì wò kí n tó jẹ́ kó gbé yín rìn jìnnà."

"Fọláyẹmí, ó jókòó síta. Ó ń retí mi."

"Mo mọ̀, Màmá. Mo fẹ́ kí ẹ dé ni."

Ọjọ́ yẹn gùn fún Àṣàkẹ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà agboolé, kò tú aṣọ, kò jẹun. Mo ní kí n kọrin fún un, ó ní kí n jọ̀ọ́. Fọláyẹmí pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó wakọ̀ yí Bẹẹrẹ po, ó ní Ọlọ́run ló yọ wá, kò tíì pẹ́ débi tí yóò ba nǹkan jẹ́.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè la gbéra. A kọjá Ọ̀yọ́, a kọjá Ìsẹ́yìn, eruku ọyẹ́ bo igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, ọkọ̀ ń mí dáadáa. Nígbà tí a dé Ṣakí, Morẹ́nikẹ́ ò tètè mọ̀ wá, torí ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa dìde sí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Àṣàkẹ́ ló sọ̀kalẹ̀ tó ń fa ẹsẹ̀ lọ bá a. Morẹ́nikẹ́ dì mọ́ ọn, ó ń gbá a léjìká, ó ń sunkún:

"Ẹ pẹ́! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ́ jù!"

"Mo dé ná," ni Àṣàkẹ́ wí. "Mo dé ná."

Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu wọn ní ọ̀sán yẹn. Àṣàkẹ́ wo orí àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ṣé orí játijàti yìí lo fẹ́ gbé wọ Kánò?" Ó mú un jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọmọdé, ó tú irun rẹ̀, ó fi àdí pa á, ó sì dì í. Irun funfun ni, kò pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ lórí ẹ̀. Ó ń dì í, ó ń tú u, ó ń tún un dì. Kò fẹ́ kó tán.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Abdulmajeed gbé ìyá rẹ̀ lọ. Àwa náà yí padà sí Ìbàdàn. Hikmat bu omi fún Àṣàkẹ́ kó fọwọ́, kó jẹun. Àṣàkẹ́ gbé ọwọ́ sí imú. Òórùn àdí ṣì wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé omi náà kúrò ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, ẹ̀yin tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé kiri, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání rèé. Bí ọkọ̀ yín kò bá lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, tó ń mu epo jù, tó ń tú èéfín dúdú, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ òun, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn, ẹ má kàn méfò. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra ju ti ìgbà òjò lọ. Bébà ni. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọ́ìlì pa á, ẹ má fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà fẹ́ ẹ títí yóò fi lu. Ẹ má fi aṣọ bò ó, bó ti wù kí aṣọ náà dára tó. Ẹ má sì wakọ̀ láìfi fílítà sí i, kódà kó jẹ́ dé òpin àdúgbò.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, kò pọn dandan kó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín. Ti ilé iṣẹ́ mìíràn lè dára. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n bíi Nojeem. Ẹ mọ orúkọ ọkọ̀ yín, ọdún rẹ̀ àti irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ gbé ti àtijọ́ dání fún wíwò, ẹ ṣí páálí kí ẹ tó sanwó. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ ra lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá. Bí kò bá kún àyè rẹ̀, bí ó kéré, bí ó tóbi, ẹ dá a padà, kì í ṣe ohun à ń rán.

Ẹ ṣe é kí ọjọ́ ìrìn tó kò. Nítorí bí ẹ ṣe jókòó yìí, ẹnì kan wà níbì kan, ó ń tẹ́tí sí ìró ọkọ̀ lójú pópó, ó ń sọ pé bóyá àwọn nìyí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin ni.